Omi Ò Mọ Ọjọ́ Jímọ̀

Tí mo bá ti sọ fún àwọn ará ilé pé mo pẹ́ ní Jos, òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn òtútù, ọ̀dùnkún. Wọn á ní ṣé òótọ́ ni pé yìnyín máa ń já níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn kì í làágùn. Mo máa ń dá wọn lóhùn, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ń gbéra ga. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Jos, kì í ṣe òtútù ló ń wá sí mi lọ́kàn. Yàrá kan ni, tábìlì mẹ́ta, ẹ̀rọ ìṣirò mẹ́ta, àti ọkùnrin kan tó ń fi rúlà lu etí tábìlì kí a lè ṣe kíá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Inú ṣì ń bí mi.

Ogun abẹ́lé ti parí fún ọdún mélòó kan nígbà tí mo dé. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni mo gbà, ìṣirò ni mo sì mọ̀ jù. Ọkùnrin kan láti ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní Èkìtì, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ omi ní Jos, wálé nígbà Kérésìmesì, ó sì sọ fún ìyá mi lẹ́yìn ìsìn pé òun ń wá ẹni tó mọ ìṣirò. Ìyá mi gbé àkùkọ méjì lọ kí i nílé. Kí oṣù tó parí, mo ti wà ní ìlú tí mi ò ti mọ ẹnì kankan, nínú yàrá kan ní Tudun Wada, mo wọ súwẹ́tà méjì léra, eyín mi sì ń gbá ara wọn.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo kí ẹni tó ń tà á pé ẹ kú àárọ̀. Ó ní, "Ina kwana." Mi ò mọ̀ pé ìkíni àárọ̀ ni. Mo fi ìka hàn án, bí odi, ó sì fún mi ní búrẹ́dì kan. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní "Bayarabiya ce," àwọn yòókù sì mi orí. Nígbà tí mo délé, mo bi onílé mi pé èébú wo nìyẹn. Ó ní kì í ṣe èébú, pé ọmọbìnrin Yorùbá ni wọ́n ń pè mí. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Nílé, ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ìyá báyìí ni mo jẹ́, ọmọ àdúgbò báyìí; tí mo bá dé Adó, ọmọ ìlú báyìí. Ìgbà tí mo kúrò láàárín àwọn Yorùbá ni mo tó di Yorùbá.

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Mo máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa jẹun tán, ọjọ́ á wá gùn gbọọrọ níwájú mi láìsí ẹni tí mo lè bá jiyàn. Àwọn ọmọ onílé mi jẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré, Hausa ni wọ́n fi ń jà. Tí mo bá fi Èkìtì bá wọn sọ̀rọ̀, wọn á rẹ́rìn-ín títí. Tí mo bá fẹ́ ra epo ìdáná, èyí àbíkẹ́yìn wọn, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ló máa ń tẹ̀lé mi láti túmọ̀. Èmi tí mo ti kọ́ kíláàsì odidi.

Iṣẹ́ ló gbà mí. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Lọ́nà Du, abúlé kan lẹ́yìn ìlú Jos, adágún omi kan wà lórí ilẹ̀ gíga. Àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà ló gbẹ́ kòtò náà. Wọ́n kó kùsà, wọ́n lọ, òjò sì rọ kún un. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo ló dá omi náà dúró. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ilé kan wà, tó ogójì, àti oko ọ̀dùnkún àti oko áchà, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún iléeṣẹ́ wa ni pé bí òkìtì náà bá já lásìkò òjò, ibo ni omi á dé, báwo ni á sì ṣe jìn tó. Bí omi bá máa dé àwọn ilé náà, ìjọba á fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ilẹ̀ sí òkè kí òjò tó le. Bí kò bá ní dé ibẹ̀, wọn á fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Ọ̀gá mi, ẹnjiníà yẹn, ya ilẹ̀ náà sórí ìwé ńlá, ó fa ìlà síbùú sóòró títí gbogbo rẹ̀ fi di àpótí kéékèèké. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, a máa ṣírò iye omi tó wọlé láti ara àwọn àpótí tó yí i ká, iye tó jáde, àti bí èyí tó kù ṣe jìn tó. Tí a bá ti ṣe gbogbo àpótí tán, ìyípo kan nìyẹn, omi sì ti rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìyípo kan lè gba wákàtí kan. A ó tún padà sí àpótí àkọ́kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè parí rẹ̀ kí òjò tó dé, nítorí náà ọ̀gá pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta, a sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Làsísì ló ni apá òkè, níbi tí adágún àti òkìtì wà. Èmi ni mo ni àárín, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́. Gyang ló ni ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ilé wà.

Àwọn àpótí tó wà ní ààlà tèmi kò lè mọ ohun tó ń bọ̀ láti òkè àfi tí Làsísì bá sọ fún wọn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, oníkálukú máa ń kọ nọ́mbà ààlà rẹ̀ sórí pélébé ìwé, á nà án sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyípo tuntun títí pélébé ẹnìkejì á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí o bá yára ju àwọn yòókù lọ, wàá jókòó. Wàá mu tíì. Wàá dúró dè wọ́n.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, kí n má parọ́. Àwa mẹ́ta á máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìṣirò wa, irú ti àtijọ́ tí kò lo iná, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo yàrá, lẹ́yìn náà á dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan, a ó na pélébé síra wa. Àdúgbò Gangare ní Jos ni wọ́n bí Làsísì sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé Hausa lòun fi ń lálàá. Gyang jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Bíróòmù, láti inú ogójì ilé yẹn gan-an. Ìyá rẹ̀, Ngo Kaneng, ń dáko ọ̀dùnkún níbẹ̀, ó sì máa ń fi díẹ̀ rán an sí mi lọ́jọ́ Ajé, fún Bayarabiya tí òtútù ń pa. Mi ò tíì rí i rí nígbà náà. Lọ́dọ̀ àwọn méjì yìí ni mo ti gbọ́ Hausa. Kò pẹ́ tí mo fi lè ra epo ìdáná láìmú ọmọ ọdún mẹ́rin dání, mo sì yọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba oyè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Làsísì máa ń dìde ní aago méjìlá ààbọ̀, á ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, á lọ sí mọ́ṣáláṣí, á sì padà ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Èmi àti Gyang máa ń dúró dè é. Mo máa ń kọ lẹ́tà sílé, Gyang á sùn lórí tábìlì. Nígbà tó yá, ìwé kan dé láti òkè pé àwọn fẹ́ àbájáde iṣẹ́ náà kíákíá. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá wọlé, ó bá wa níbi tí a jókòó sí lásán, ó sì fi rúlà lu tábìlì mi. Ó ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ, kí n lo pélébé Làsísì tó kẹ́yìn.

Mo ní, "Nọ́mbà yẹn ti kọjá, sà. Omi á ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Omi ò mọ ọjọ́ Jímọ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé wa ni, òun ló mú mi wá, ọ̀rọ̀ náà sì pani lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, mo fa pélébé àtijọ́ náà mọ́ra, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Tí mo bá ń ka àwọn tí mo ń bínú sí, ara mi ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Ìyípo méjì la ṣe kí Làsísì tó dé. Nígbà tó dé, ó dá ṣe ìyípo méjì tirẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì na pélébé méjèèjì sí mi. Ọ̀gá ní a ti kọjá ibẹ̀, kí n kó wọn sínú àpò ìwé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún Jímọ̀ mẹ́fà, lásìkò tí omi inú ìwé wa ń ya jù lọ láti ara òkìtì tó ti já.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá fi ọ̀dà búlúù kun ibi tí omi dé lórí ìwé ńlá náà. Búlúù náà sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ̀ sórí oko, ó sì dúró nígbà tó ku àpótí mẹ́ta kí ó dé àwọn ilé. Ọ̀gá ra mínírà fún gbogbo wa. Gyang mu ìgò méjì. Ó ní òun á sọ fún ìyá òun kí ó ra páànù, kí ó tún òrùlé ṣe, nítorí kò ní í kó lọ síbì kankan mọ́.

Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkàn mi kò gbà kí n fọwọ́ sí ohun tí mi ò yẹ̀ wò. Mo ṣe ìdánwò kan tí ó rọrùn jù: mo ka gbogbo omi tó jáde kúrò lọ́dọ̀ Làsísì, mo sì ka gbogbo èyí tó wọlé sọ́dọ̀ mi. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Omi lè yà sọ́tùn-ún, ó lè yà sósì, ṣùgbọ́n kò lè pòórá láàárín tábìlì méjì. Wọn ò dọ́gba. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpò ìwé, mo kó pélébé méjìlá náà jáde, mo ṣírò ohun tó yẹ kí wọ́n gbé wọlé ju èyí tí mo lò lọ. Omi tó sọ nù wà nínú àpò náà, kò lé, kò dín.

Mo to pélébé méjìlá náà sórí tábìlì ọ̀gá. Mo rò pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ń ronú bí màá ṣe fi hàn pé inú mi ò dùn jù.

Ó wò wọ́n, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ń fi èdè ilé sọ ọ́. Ó ní ìwé ti wà lọ́nà àtilọ. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa fi ọmọ Èkìtì ṣẹ̀sín níbí ni. Ó ní òkìtì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ayé òyìnbó, kò sì já. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ pé Làsísì máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀. Irọ́ ni?"

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ohun tó mú ara mi gbóná nìyẹn. Mo ní, "Omi mọ Jímọ̀, sà. Àwa la ò mọ̀ ọ́n." Mo kó pélébé mi, mo jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti pe ìyá mi. Nígbà yẹn, èèyàn á kọ nọ́mbà fún òṣìṣẹ́ tẹlifóònù, á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á máa wo ojú ẹni tó jókòó tì í. Ọ̀dọ̀ olóògùn òyìnbó kan nílùú wa ni tẹlifóònù wà. Wọ́n á rán èèyàn lọ pe ìyá mi láti ilé, á sì dé pẹ̀lú èémí gíga. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún wa. Ìṣẹ́jú kan á bá ìkíni lọ. Mo fi ìṣẹ́jú kejì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí mo ṣe lè ṣe é.

Ìyá mi ní, "Ta ló bá ọ wáṣẹ́?"

Mo ní ọ̀gá yẹn náà ni. Ó ní ó dáa, kí n fọwọ́ sí i fún un, kí n má ba orúkọ ilé jẹ́. Mo ní àwọn èèyàn ń gbé níbẹ̀, Màmá. Ó ní, "Ṣé ará wa ni wọ́n?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti já wáyà lọ́wọ́ wa, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé. Mo di tẹlifóònù mú, mo ń dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́. Mo ti jẹ nínú ọ̀dùnkún ìyá Gyang láti bí oṣù mẹ́rin. Mo bínú sí ìyá mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe bínú sí ọ̀gá lọ, nítorí pé mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó tọ́ mi dàgbà ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Làsísì àti Gyang. Làsísì ní, "Haba, Àǹtí, èmi ni wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù?" Gyang béèrè pé ṣé a lè tún un ṣe. A ò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe, oṣù òjò ti wọlé, ọ̀gá sì ti kó àwọn ẹ̀rọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni èrò kan ti sọ sí mi lọ́kàn, òun sì ni ohun tí mo fi ń yangàn jù láyé mi. Mo ní kí a sọ àpótí mẹ́rin mẹ́rin di ọ̀kan. Kò ní mọ́ kedere tó ti ọ̀gá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á dín kù gan-an, ẹ̀kán omi kan ò sì ní sọ nù.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá Làsísì ní Gangare la ti ṣe é, ní Sátidé mẹ́ta, láàárín àwọn tó ń lu páànù di àdògán àti garawa. Ìwé lọ́ọ̀gì àti bíró la fi rọ́pò ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ ń gbé ìwé wa, a fi ègé páànù tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. A ń na pélébé síra wa bíi ti tẹ́lẹ̀, tí àkókò ìrun bá tó, èmi àti Gyang á gbé bíró sílẹ̀ títí bàbá àti ọmọ á fi dé. Bàbá náà bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo ń bínú sí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ń pè mí ní àlejò níbí, wọ́n sì ti fẹ́ sọ mí di àlejò nílé. Ó ní òun ò mọ ìlú mìíràn ju Jos lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bi òun pé ìgbà wo lòun dé. "Ba komai," ó ní, pé kò séwu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lù ú le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní Sátidé kẹta, omi dé ọ̀dọ̀ Gyang. Mo na pélébé sí i, ó ṣírò, ó kọ nọ́mbà, ó tún ìwé lọ́ọ̀gì ṣí, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó fi bíró kan àpótí kan, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ilé ìyá mi nìyí," ó ní. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin."

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Kò wò ó. Mo kọ̀, mi ò fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀. Ó wá ẹlòmíràn tó fọwọ́ sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sókè. Nígbà yẹn ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká ìwé tiwa, a wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Du.

Ngo Kaneng jẹ́ obìnrin tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Páànù tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, wọn ò tíì kàn án. Ó pe àwọn àgbààgbà. Gyang fi èdè wọn ṣàlàyé, mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, mo fi ìka hàn wọ́n. Ngo Kaneng tẹjú mọ́ ojú mi, kì í ṣe ìwé náà. Ó ní, "Kin tabbata?" Ó ń bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Mo ní, "Na tabbata." Ó dá mi lójú. Nínú gbogbo Hausa tí mo ti sọ rí, kò sí èyí tó wúwo lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá sọ ohun kan tó tún mú inú bí mi lọ́tun. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni ìdí òkìtì náà ti ń sun omi, pé àwọn ọmọdé ń bu omi mu níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Ó ní ta ló bi wọ́n? Oṣù mẹ́rin ni àwa mẹ́ta fi yí ọwọ́ ẹ̀rọ, Gyang sì ń lọ sùn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó rò ó nínú wa láti bi ẹni tó ń gbé ìdí omi léèrè bí omi náà ṣe wà.

Wọn ò dúró de ìjọba. Àwọn ẹbí wọn wà lórí ilẹ̀ gíga, wọ́n ń kó lọ díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ àti àgbàlagbà ṣáájú. Kí wọ́n tó kó tán, mo ti gba kúẹ́rì pé mo gbé ìwé ìjọba fún ará ìta. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi lé mi. Wọ́n lé Làsísì pẹ̀lú, wọ́n ní kì í sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Òkìtì náà já nígbà tí òjò le jù. Gyang ló wá sọ fún mi ní Tudun Wada. Mo bá a lọ nígbà tí omi fà. Ilé tó wó ju èyí tó dúró lọ, oko ọ̀dùnkún ti di ẹrẹ̀ pupa. Ẹnì kankan kò kú. Ògiri ilé Ngo Kaneng ṣì dúró, ìlà ẹrẹ̀ sì wà lára rẹ̀, ó tẹ́jú bí ẹni fi rúlà fà á. Gyang wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ó dín ìka méjì.

Mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ lọ béèrè ìrànwọ́, wọ́n ṣí ìwé ọ̀gá mi fún wọn, wọ́n ní omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fi búlúù hàn wọ́n, pé ẹ wò ó, ibí ló dúró sí. Ọ̀gá gba ìgbéga lọ sí ibi tó tóbi ju Jos lọ. Mo gbọ́ pé ó kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀, ó sì ń jókòó sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí n dárí jì í. Kí ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí ná.

Ìyá mi ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti ríṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, nílé ẹ̀kọ́ kan ní Tudun Wada, mo sì ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta fẹ́ẹ̀ pé, ó béèrè pé ìyá ọmọ yẹn ńkọ́, ìyá ọlọ́dùnkún, ṣé ó yè é? Mo ní ó yè é. Ó ní kí n bá òun kí i. Mo ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n mo jẹ́ iṣẹ́ náà.

Mi ò padà sílé. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dá mi dúró sí Jos lẹ́yìn gbogbo èyí. Wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, mo sì rò pé ibi tí èèyàn bá ti já mọ́ nǹkan kan nìkan ni wọ́n ti lè lé e.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi hẹdimáàsítà tuntun ránṣẹ́ sí wa. Ní Jímọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó bá mi ní kíláàsì ní aago méjì ààbọ̀. Ìdajì àwọn ọmọ ló jókòó. Àwọn yòókù ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí. Ìṣirò tuntun ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, pátákó sì wà láìkọ nǹkan kan. Ó bi mí pé kí ni mo ń ṣe. Mo ní mo ń dúró dè wọ́n. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ jàre, àwọn tí kò sí níbẹ̀ á dà á kọ láti inú ìwé ẹlẹgbẹ́ wọn.

Mo ní rárá, sà.

Ó ní òun á kọ kúẹ́rì fún mi. Mo ní kí ó kọ ọ́, mo ti ní ọ̀kan nílé. Mo fa àga mi, mo jókòó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, mo sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.